Ẹ Wo Èrìgì Rẹ̀ Ná

“Ẹ gbé epo yẹn kúrò níwájú mi!”

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, ló pariwo ní ẹ̀yìnkùlé wa l'Óǹdó. Bàbá mi dúró gbagidi, ìgò epo pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ajá màmá sì nà gbalaja síwájú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí ajá náà kò fẹnu kan oúnjẹ. Ara rẹ̀ gbóná, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi tíì tí à ń mu láìsí mílíìkì nígbà Sáàpù, tí ìjọba sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Bàbá mi ti dájọ́ tirẹ̀: wọ́n ti fún un ní májèlé, epo pupa ló sì máa pa májèlé. Ta ló fún un? Ìyá tó ń ta epo òyìnbó ní òdìkejì títì ni. Òun ló pe màmá ní òtòṣì lójú ọjà, ni màmá bá gba ajá kan tọ́, ó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, ó sì ń pè é kíkankíkan láràárọ̀ kí obìnrin náà lè gbọ́. Ó gbọ́ o! Àmọ́ “ajá yẹn” lòun máa ń pè é.

Ọdẹ ni ọkọ màmá, kò sí àìsàn ajá tí ojú màmá ò tíì rí. Ó ká ètè Tanímọ̀la sókè. “Ẹ wo èrìgì rẹ̀ ná.” Háà, ó funfun bí ògì! Ó yẹ inú etí rẹ̀ wò: eégbọn rẹpẹtẹ, wọ́n ti mu ẹ̀jẹ̀ yó bámúbámú.

“Àwọn wọ̀nyí ló kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀,” ló wí. “Gbé e lọ bá dókítà ẹran l'Ákùúrẹ́, kó fún un lábẹ́rẹ́. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, mú agolo, lọ bu epo òyìnbó wá, ká rí ibi da eégbọn sí.”

Epo òyìnbó wọ́n bí ojú nígbà yẹn. Ilé kan ṣoṣo ló ti kù.

“Lọ́dọ̀ ọ̀tá wa, Màmá?”

“Ta ló bá ẹ sọ pé ọ̀tá ni? Èmi ni mò ń fi ajá bu èèyàn. Lọ, jàre!”

Mo sọ ohun tó ń ṣe ajá fún obìnrin náà, ó sì bu epo fún mi. A já eégbọn títí ọwọ́ fi ń ro wá, bàbá mi sì gbé ajá sínú apẹ̀rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ó ń kùn lọ ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí ajá ti gba abẹ́rẹ́ bọ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Ìyá elépo òyìnbó ni.

“Tanímọ̀la ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹun?”

Àfi gìrì tí ajá dìde, tó ń ju ìrù. Omijé bọ́ lójú màmá.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé mi, tí ẹnu ń yún mi láti dárúkọ aládùúgbò, mo máa ń kọ́kọ́ yẹ etí ajá mi wò.