Pọ́fù-pọ́fù Orí Páànù

Gbàà! Èyí àkọ́kọ́ balẹ̀ sórí páànù, ó yí gbirigbiri, ó sì dúró síbi tí páànù ti tẹ̀. Àwa ọmọdé hó yèè. Ìyá tún ki ọwọ́ bọ inú abọ́, wọ́n mú òmíràn tó ṣì ń gbóná, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, wọ́n sì jù ú sókè. Ọyẹ́ ń fẹ́. Òórùn bísíkíìtì láti àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà máa ń gba orí ilé wa ní Ifákò kọjá, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, òórùn òróró Ìyá ló borí.

Ìyá kì í ṣe ìyá tó bí mi. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa nínú ilé Àlàájì, onílé wa. Wọn ò bímọ, wọn ò sì lẹ́bí kankan nítòsí. Kí n tó gbọ́njú ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kúùkù ni wọ́n tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, ọmọ erékùṣù Kípírù, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní Sáípírọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ wọn ni Ìyá ti mú àṣà náà: bí ọdún tuntun bá ti wọlé, wọ́n á din ìyẹ̀fun, wọ́n á jù ú sórí òrùlé. Alángbá àti ẹyẹ ló ni tòkè. Àwa la ni tinú abọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, aboyún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé wa. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pọ́fù-pọ́fù kan ti yí bọ́ láti orí páànù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Igbe tí obìnrin náà ké, mo rò pé ilé ń jó.

“Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti gbé ẹbọ síwájú mi, èmi tí oyún wà lára mi! Àlàájì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ màmá yìí, àbí kí èmi kó jáde!”

N kò bá a wí. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá lé Ìyá, ibo ni wọ́n máa lọ?

Àlàájì pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá lẹ́yìn ìrun àláàsárì.

“Ìyá, ẹ ṣàlàyé fún wa. Kí lẹ ń bọ lórí páànù mi?”

“Mi ò bọ nǹkan kan, Àlàájì. Ìtàn ni.”

Wọ́n bá sọ ọ́ fún wa. Àwọn iwin kúkúrú onírun kan wà lábẹ́ erékùṣù náà, tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi tó gbé ayé ró. Bó bá ti kù díẹ̀ kí igi wó, ọdún Kérésì á dé, wọ́n á gòkè wá yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn èèyàn á ju ohun dídùn sórí òrùlé fún wọn, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n tó padà délẹ̀, ojú ọgbẹ́ igi á ti jinná, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àlàájì rẹ́rìn-ín. “Ọlọ́run ló gbé ayé ró, Ìyá. Kì í ṣe igi.”

“Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kí wá lẹ ń jù ú fún?”

Ìyá wo ọwọ́ wọn. “Àwọn ọ̀gá mi ní ọmọbìnrin kan. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń jù ú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ sílé wọn pátápátá, ó di ìró mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo ní, ‘Má sunkún mọ́. Máa ju tìẹ lọ́hùn-ún, èmi náà á máa ju tèmi níbí.’”

Aboyún ló kọ́kọ́ fọhùn. “Ṣé ó máa ń pè yín, Mà?”

“Rárá o. Ó kéré nígbà náà. Á ti gbàgbé mi.”

“Ẹ ò bá kúkú fi í sílẹ̀.”

“Èmi ni mo ṣèlérí, ọmọ mi. Òun kọ́.”

Àánú Ìyá ṣe mí débi pé mo sá wọlé kí wọ́n má bàa rí omi ojú mi. Láti inú ilé ni mo ti gbọ́ tí Àlàájì wúkọ́.

“Ẹ máa jù ú, Ìyá. Ẹ ṣáà máa sọ fún wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, aboyún ọjọ́sí ti pọn ọmọ sẹ́yìn. Bó ṣe gbọ́ òórùn òróró, ó ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn kí òróró má bàa ta sí i, ó sì na ọwọ́ sí Ìyá fún ọ̀kan. Jíjẹ ló jẹ ẹ́ o, kò jù ú.

Mo ti dàgbà, iṣẹ́ ló sì gbé mi dé erékùṣù Kípírù yẹn báyìí, nílé àlejò kan létí òkun. Àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò máa ń fẹ́ gbọ́ ìtàn ìlú, èmi ni wọ́n sì ń ní kí n sọ ti iwin àti igi. Wọ́n rò pé ibí ni mo ti gbọ́ ọ. Ta ló máa gbà pé Ifákò ni?

Nígbà tí mo lọ dágbére fún Ìyá kí n tó wá síbí, wọn ò lè dìde mọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Bá mi ju ọ̀kan níbẹ̀.” Wọ́n ti lọ sinmi báyìí. Bí ẹlòmíràn bá já mi kulẹ̀, tí èmi náà sì fẹ́ yẹ àdéhùn, ohùn wọn ni mo ń gbọ́: òun kọ́, èmi ni.

Amọ̀ sísun ni wọ́n fi bo ilé níbí, kì í dún bíi páànù. Mò ń jù ú lọ́dọọdún. N kò mọ orúkọ ọmọ náà, nítorí “ọmọ mi” nìkan ni Ìyá ń pè é. Bí mo bá ju tèmi tán, mo máa ń dúró, mo ń fetí sílẹ̀. Nígbà míì, nǹkan á balẹ̀ sórí òrùlé kan nítòsí, gbì. N kò mọ ẹni tó jù ú, ṣùgbọ́n mo máa ń wí i sókè lédè wa:

“Ìyá ò gbàgbé ẹ o.”