Okùn Kẹrin Gìtá Bàbá Jímọ̀

Wọ́n ti pa okùn kẹrin gìtá Bàbá Jímọ̀ lẹ́nu mọ́, wọ́n sì pe ìwà náà ní àtúnṣe.

Àárọ̀ Sátidé tó kọjá ni mo gbọ́ ọ. Mo ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé ní Kábà níbí, rédíò aládùúgbò ń ké, ni gìtá kan bá bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Orin Bàbá Jímọ̀, àbúrò bàbá mi, ni, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀nà odò. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí okùn kẹrin ti dáhùn, ohun tí mo gbọ́ dà bí eyín àtọwọ́dá: ó funfun, ó gún, kì í ṣe ti ẹnu yẹn. Nígbà tí ó parí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Orin ìbílẹ̀ àwa ọmọ Òkun lẹ gbọ́ yẹn o. A kò mọ ẹni tó kọ ọ́."

Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé kásẹ́ẹ̀tì orin náà lé yín lọ́wọ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò yín, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára páálí rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò bá a láyé, káfíńtà ni Bàbá Jímọ̀. Agboolé wa yí àgbàlá kan ká, igi máńgòrò wà láàárín rẹ̀, obìnrin mẹ́fà ló sì ń dáná níbẹ̀. Ó ra gìtá rẹ̀ lọ́wọ́ sójà kan tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí okùn rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ìyá bá ń pe ọmọ wọn kúrò níbi eré, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ máńgòrò, yóò máa fa okùn kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá ohùn obìnrin kọ̀ọ̀kan mu. Okùn tó nípọn jù jẹ́ ti Màmá Àgbà, tí aáṣáà ti sọ ohùn rẹ̀ di ti ọkùnrin. Ìyá mi ló ni ìkẹta. Èyí tó tín-ín-rín jù jẹ́ ti Ìyàwó, ìyàwó ilé tó wọlé kẹ́yìn, tí kò tíì bímọ nígbà náà. Adìẹ ni òun ń pè wọlé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Jímọ̀ ní ìpè ni ìpè. Òun náà á wá pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ọkọ mi Onígìtá, ṣé ẹ ti gbọ́ mi, àbí kí n tún pe àkùkọ?"

Ìyá Ṣadé ló ni okùn kẹrin. Ọmọ Ìsánlú ni, Ìyàgbà pọ́ńbélé láàárín àwa Owé ará Kábà, ìpè rẹ̀ kò sì jọ tiwa. Yóò gbé orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè, yóò jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kò ní í dé ibi tí etí retí, kò sì ní í padà sókè. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo wá ibẹ̀ títí lórí dùùrù. Àárín eyín dùùrù méjì ló bọ́ sí, níbi tí ìka kò ti lè tẹ nǹkan kan.

Nítorí bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀dù Bàbá Jímọ̀, ìyẹn àkópọ̀ ohùn okùn, kò sí nínú ìwé kankan. Tí kò bá tẹ okùn kankan, gbogbo agboolé ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá na ìka kan gbọọrọ lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítòsí àárín ọrùn gìtá, àfi bí ẹni pé gbogbo wọn jọ ṣí lọ sóko. Tó bá wá tẹ okùn ìyá mi nìkan, tó fi ti Ìyá Ṣadé sílẹ̀ láìtẹ̀, àwọn méjèèjì á máa gbọ̀n sí ara wọn bí orogún tó fẹ́ jà, tí wọ́n tún fẹ́ràn ara wọn. Kọ́ọ̀dù yẹn ló fi ń parí orin.

Ìgbà kan wà tí tísà tó ń kọ́ wa lórin wá kí bàbá mi. Ó rí gìtá lára ògiri, ó gbá a, ó ní ó ti bàjẹ́, ó sì yọ fèrè kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ohùn, ó yí àwọn okùn sí ti òyìnbó. Kò ní ibi lọ́kàn. Bàbá Jímọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbá okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó jókòó.

"Ta ló pa àwọn ìyá mi lẹ́nu mọ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá, mo bá yín tún un ṣe ni."

"O tún un ṣe? Ó dáa. Fi pe Ṣadé, ká wò ó bóyá á wọlé."

Tísà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́, okùn márùn-ún padà sílé. Ìkẹrin kò rí ẹni bá a pè, nítorí Ìyá Ṣadé ti gbé Ṣadé lọ sílé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ́. Ara ọmọ náà ń jó bí iná. Àwa ọmọdé ní a lè sín ìpè Ìyá Ṣadé jẹ. Bàbá Jímọ̀ ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí Ṣadé." Ó tú okùn náà sílẹ̀, kò sì ta gìtá mọ́. A ń wo ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé, Ṣadé rù kan eegun, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Lọ́jọ́ kejì ó sá lọ ṣeré, ìyá rẹ̀ sì figbe pè é. Balùwẹ̀ ni Bàbá Jímọ̀ wà. Pẹ̀lú ọṣẹ lórí àti ìró ìyàwó ẹlòmíì nídìí ló fi sáré jáde wá gbé gìtá, kó lè fa okùn kẹrin bá ohùn náà mu.

Ọdún tí mo parí yunifásítì ni mo gba orin yẹn sínú kásẹ́ẹ̀tì bí Bàbá Jímọ̀ ṣe ń ta á. Láti ìgbà náà, Bàbá Jímọ̀ ti kú, Ìyá Ṣadé náà ti kú. Okùn márùn-ún, mo ti kọ ibi tí wọ́n wà sínú ìwé. Ìkẹrin kò ṣeé kọ. Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù sí. Mo jẹ̀bi ibì kan: n kò dà á kọ kí n tó gbé e fún ilé-iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ní àwọn yóò dá a padà, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Láti ìgbà tí mo gbé e fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ béèrè rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn Sátidé tí mo gbọ́ ọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ẹ̀rín pàdé mi: "Mọ́mì, okùn kan ò bọ́ sí i, ẹ̀rọ la fi gbé e síbi tó yẹ. Ẹ ò rí i bó ṣe dán?" Nígbà kẹta, wọ́n ní àwọn ti kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dà nù.

Mo fóònù Ṣadé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rántí pé ó ń pè mí. N kò rántí bó ṣe ń pè mí mọ́."

Fóònù ni wọ́n fi ń pe ọmọ wọlé báyìí, agogo kan náà sì ni fún gbogbo ìyá. N kò bá ayé jà lórí ìyẹn. Gìtá náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí, okùn márùn-ún le, ìkẹrin rọ̀ jọwọrọ, n kò sì ní í fà á sí ibi tí mo bá kàn rò.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò náà, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n yí i? Ta ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, orí ààtàn wo ló dà á sí? Èyí tí ẹ gbà sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó tún un ṣe, níbo ló wà? Àbí kí n béèrè bí Bàbá Jímọ̀ ṣe béèrè: ta ló pa Ìyá Ṣadé lẹ́nu mọ́, ta ni yóò sì bá a pe ọmọ rẹ̀ báyìí?