Mọ́tò Màmá Nọ́ọ̀sì Tó Ń Mu Ọ́ìlì

Bí ẹ bá fẹ́ múnú bí Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kàn sọ fún un pé kó lọ sinmi. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí tipẹ́, àmọ́ ó jọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ ìròyìn náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò wọ bàtà funfun rẹ̀, yóò ju àpò rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó di ilé àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ní àwọn abúlé ẹ̀yìn ìlú. Yóò wẹ ọmọ, yóò wo ìwọ́, yóò bá ìyá tí kò jẹun wí, yóò sì tún pa á lẹ́rìn-ín kó tó lọ. Mọ́tò yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí i, ìrìn rẹ̀ kò ní kọjá ẹ̀yìnkùlé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi di ariwo nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Màmá a dà á sí i lónìí, géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, a tún ní kò kún lọ́la. Sàléńsà ń tu èéfín búlúù, débi pé àwọn ọmọ àdúgbò a ti máa wúkọ́ kí mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n lè rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní ìlú kejì kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó fajú ro bí ọlọ́pàá ẹnu ibodè.

“Màmá, mo ti rí ẹni tó máa ra mọ́tò yìí. Ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá gbé e.”

“Mo gbé e pàtẹ ni?”

“Mẹkáníìkì tí mo fi hàn ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹ dákun, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó sílé.”

Ẹ̀rù ba Màmá. Ó mọ àwọn àgbàlagbà tí àwọn ọmọ wọn ti ní kí wọ́n jókòó sílé, ó mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo ojú ọ̀nà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó gbé kọ́kọ́rọ́, ó ní kí ọmọ rẹ̀ wọlé sínú mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ Má-tíì-tú-u.

Mẹkáníìkì ni Má-tíì-tú-u. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi orúkọ yẹn bú u, nítorí pé bí àwọn bá ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, òun a ṣì fa àga fún oníbàárà, a ní kí àwọn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná. Abéèrè kì í ṣìnà, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò, ọ́ìlì kankan kò kán sí i. Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ohùn náà mọ́ geere. Ó béèrè iye ọ́ìlì tí Màmá ń dà, Màmá sọ ọ́, ó wá bojú wò ó.

“Màmá, báwo lẹ ṣe máa ń wo ọ́ìlì yìí gan-an?”

Màmá tẹ iná sí mọ́tò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fa géèjì yọ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo.

“Yéè! Màmá, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mà ni!”

“Ìgbà wo ni kí n wá wò ó? Ta ló ń wo bí ọkàn ṣe ń lù lára ẹni tó ti kú?”

Má-tíì-tú-u rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé táyà. Ó ṣàlàyé pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ti gòkè lọ sẹ́nu iṣẹ́, kò sí bí géèjì ṣe máa bá gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n pa mọ́tò, wọ́n jẹ́ kó sinmi kí ọ́ìlì ṣàn padà. Nígbà tí wọ́n tún fa géèjì, ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè lọ fíìfíì.

“Ebi ò pa mọ́tò yìí o, ó yó jù ni! Èyí tó pọ̀ jù ló ń gba ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọnú iná, òun ló ń di èéfín. Ẹ rí èéfín, ẹ tún dà sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́.” Ó tún wo géèjì, ó mi orí. “Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí tí Màmá lóun ń dà kò tó báyìí. Ta ló ń bá wọn dà á?”

Ọmọ báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

“Èmi ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí wọn, mo máa ń da díẹ̀ sí i kí n tó lọ. Kí mọ́tò má baà dá wọn dúró sínú igbó.”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìyá ń dà á lójú, ọmọ ń dà á lẹ́yìn, mọ́tò ń gbé e mì. Màmá di ẹ̀gbẹ́ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Má-tíì-tú-u fa èyí tó pọ̀ jù kúrò, ó pààrọ̀ ẹnu ihò ìmí yẹn tí ọ́ìlì ti dí, ó fọ àwọn púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú. Ó wá ṣòfin pé Màmá nìkan ni kó máa fọwọ́ kan géèjì, láàárọ̀ kùtù, kó tó tẹ iná sí mọ́tò, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá fi mọ́tò gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí abúlé tó jìnnà jù. Èéfín tó kù nínú sàléńsà jó tán lójú ọ̀nà, wọ́n sì padà sílé láìsí wàhálà kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá fa géèjì. Ọ́ìlì kò kúrò lójú kan.

Nígbà tí oníbàárà tó fẹ́ gbé mọ́tò kanlẹ̀kùn, ọmọ náà ló lọ dá a lóhùn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé mọ́tò kì í ṣe títà mọ́. Ó padà wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń de okùn bàtà.

“Màmá, kì í kúkú ṣe mọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin ni. Mo jìnnà síbí, mi ò mọ bí ẹ ṣe ń jí.”

Màmá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

“Bí àyà rẹ bá ń já nítorí mi, ọmọ mi, pè mí. Ọ̀dọ̀ mi ni kó o da ọ̀rọ̀ náà sí, yé da ọ́ìlì sí mọ́tò.”