Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kọ́ Lúdò Orí Fóònù

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ ta lúdò lórí fóònù kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pé ọdún kan tí wọ́n ti bá ẹ̀gbọ́n mi Wàsíù, tó wà lókè òkun, sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Wàsíù tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé kí Bàbá wá bá òun ta lúdò.

Nẹ́tíwọ̀kì Ìjókò, níbi tí à ń gbé, kò dúró. Mo pa fóònù, mo tàn án. Mo yọ síìmù, mo nù ún. Ara mi ò balẹ̀, kí Wàsíù má lọ bínú. Nígbẹ̀yìn, èmi àti Bàbá gun ìdí táǹkì omi lókè, nẹ́tíwọ̀kì sì wọlé.

"Bàbá, ẹ ju dáìsì," Wàsíù ní látinú fóònù.

Wọ́n ní, "Bísímílà," wọ́n mi fóònù jìgìjìgì, wọ́n sì jù ú! Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ síbi òkìtì yanrìn tó bọ́ sí. Ohùn Wàsíù ń jáde látinú rẹ̀: "Mẹ́fà ni, Bàbá! Ẹ tún jù!"

Wọ́n ń ta á títí dòní, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń di fóònù mú.