Ẹ̀wà Tí Ìyàwó Mi Máa Ń Gbìn Sáàárín Àgbàdo

Ewé àgbàdo kan ṣoṣo ló tú àṣírí mi ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ yìí.

Àgbàdo mi ní Ìgbàrà-Òkè ti ń pupa rúsúrúsú láti ìsàlẹ̀. Mo já ewé ẹ̀ kan sínú ọ̀rá, mo mú un lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta ajílẹ̀.

Ó wò ó, ó ní, "Bàbá, náítírójìn tó ń mú ewé dúdú ló tán nílẹ̀ yín. Kí lẹ máa ń gbìn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀wà. Ìyàwó mi ló máa ń gbìn ín."

"Ẹ̀wà yẹn ló ń dá a padà sínú ilẹ̀ fún yín. Kí ló dé tí wọn ò gbìn ín mọ́?"

Inú bí mi. Kí ló kàn án? Ṣebí ajílẹ̀ ni mo wá rà!

"Ó lọ tọ́jú ọmọ tí ọmọ wa bí ní Kánádà."

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Oṣù mẹ́fà ló pè é nígbà tó ń lọ. Ọdún kejì rèé.

Èmi tí mo máa ń bá a jà pé ẹ̀wà ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́ tí mo bá ń roko! Tó bá sì pè mí, "Oko ń ṣe dáadáa" ni mo máa ń sọ.

Mo ti délé. Mo ya fọ́tò ewé náà, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ibo lo tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà sí?" Mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Mo kúkú mọ ibi tó wà. Inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni.

Ẹ̀yin tí ìyàwó yín náà lọ tọ́jú ọmọ, ṣé kí n fi ránṣẹ́?