Òdo ní Aago Mẹ́ta

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé Ìyá Atẹ́gùn, ó ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé ńlá kan, kò sì gbójú sókè títí ìlà náà fi pé. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, á jáde sí pápá gbalasa, á wo òpó tí ife kéékèèké mẹ́ta ń yí lórí rẹ̀, á wo àpò aṣọ pupa tí atẹ́gùn ń fẹ́ kún, á sì kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ àti bó ṣe le tó. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ìwé rẹ̀ ni wọn yóò fi mọ ibi tí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú yóò máa sáré lé lórí nínú pápá náà yóò kọ sí, nítorí ọkọ̀ òfurufú kò fẹ́ kí atẹ́gùn gbá òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ló fi ń kò ó, ìbáà ń gbéra, ìbáà ń balẹ̀.

Ẹnjiníà tó wá yẹ ìwé náà wò fi ọjọ́ méjì kà á, ó sì pe Ìyá Atẹ́gùn.

"Màmá, gbogbo aago mẹ́ta ọ̀sán, òdo lẹ kọ. Ọdún mọ́kànlá! Ṣé kì í ṣe pé oorun ló ń gbé yín lọ?"

"Oorun? Ṣé orí ìdúró ni mo ti ń sùn ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń kọ òdo. Tó bá jẹ́ irọ́, mi ò lè gba èyí tó kù gbọ́. Gbogbo ìwé yìí la máa kó dànù. Lọ́la, èmi náà á wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́, a ó sì rí fùrọ̀ adìyẹ."

"Bí kò bá wá fẹ́ ńkọ́?"

Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Atẹ́gùn kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọdún mọ́kànlá, òun náà ló wá ń bẹ̀ báyìí pé kó jọ̀ọ́, kó wá.

Lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn ń fẹ́ gidigidi. Koríko ń tẹ̀, àpò pupa nà gbọọrọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́ta lù, Ìyá Atẹ́gùn sún mọ́ ẹnjiníà.

"Tó bá ti dé, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀."

"Kí ló máa dé, Màmá?"

Ìyá Atẹ́gùn ṣí ìwé rẹ̀.

Aago mẹ́ta lù. Àpò pupa wálẹ̀ bí apá ẹni tó sùn lọ. Ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rọra dúró. Ńṣe ni wọ́n dúró bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ dì wọ́n mú. Koríko kò mì, ẹyẹ kò ké. Ẹnjiníà ya bébà, ó jù ú sílẹ̀. Bébà já lulẹ̀ ṣánṣán bí òkúta. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó la ẹnu, ó pe, "Màmá!"

Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ètè rẹ̀ nìkan ni Ìyá Atẹ́gùn náà rí.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ife tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti gúúsù, ó gba orí pápá tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ó sì gbé ohùn kan wá, kedere, ohùn ẹnjiníà gan-an: "Màmá!"

Ìyá Atẹ́gùn yára fọwọ́ òsì bo ẹnu kó má baà jẹ́ ìpè náà. Ọ̀tún ló fi kọ òdo.

"Òdo ni, Màmá," ni ẹnjiníà wí nígbà tí wọ́n dé inú ilé. "Òdo ni lóòótọ́." Ó fọwọ́ sí gbogbo ìwé náà.

Nínú àwòrán ìhà atẹ́gùn tí ẹnjiníà yà láti inú ìwé náà, òdo kò ní ìhà kankan. Àárín gbùngbùn ló jókòó sí. Gúúsù ni wọ́n kọjú ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú náà sí, bí ìyókù ìwé ṣe wí.

Ìyá Atẹ́gùn ti fẹ̀yìn tì. Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbé báyìí, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, tí atẹ́gùn kì í gbà wọlé.