Ẹkún Tí Honorine Sun Ṣáájú Àkókò

Ẹ̀rín ni mo fi ń jẹun. Bí ẹ bá wọ ilé eré wa ní Páríìsì lọ́dún 1830, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín kí ẹ̀yin tó mọ̀ pé òṣèré dápàárá, èmi Lubin nìyẹn. Abẹ́ àtùpà ńlá tó rọ̀ láti òkè àjà ni wọ́n máa ń kó wa jókòó sí: àwọn apàtẹ́wọ́ tí ilé eré ń sanwó fún bíi tiwa láàárín, èmi lápá òsì, Honorine Vasseur lápá ọ̀tún. Ẹkún ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń gé àlùbọ́sà sínú áńkáṣíìfù. Bó bá ti fi kan imú, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, á fi igbe kan ta tí àwọn ìyàwó olówó tó wà lókè yóò fi máa wá áńkáṣíìfù tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. A kì í jalè, a kì í pànìyàn, a kàn ń ran àwọn tí ara wọn le lọ́wọ́ ni.

Ìyá Ẹlẹ́kún la máa ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wa: igbe rẹ̀ ni àmì. Bó bá ti ké, gbogbo wa, ogójì èèyàn, a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ẹkún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ tó lè wó ilé.

Opó ni. Ọmọ méjì ló bí. Ibà pa Adèle, èyí obìnrin, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ó wá ku Firmin. Ohun tí Firmin mọ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń rán ìbọ̀wọ́ ni ìyá òun ń lọ nírọ̀lẹ́. Ojú ń ti obìnrin náà láti sọ fún un pé ẹkún lòun fi tọ́ ọ. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí.

Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún tí èèyàn ń fara balẹ̀. Gbogbo ọmọkùnrin tí irun rẹ̀ bá ti dé èjìká ló di akéwì tàbí ayàwòrán. Bí wọ́n bá ti ń pariwo nínú ilé eré pé ọ̀nà tuntun làwọn fẹ́, àwọn àgbà apárí á máa súfèé lé wọn lórí pé wọ́n ń ba èdè àwọn baba jẹ́. Ní oṣù keje, ìbọn dún nígboro fún ọjọ́ mẹ́ta, ọba sá lọ. Kò pẹ́ tá a tún fi padà sídìí àtùpà wa, tá à ń bá ìjà tiwa lọ.

Nínú irú rúkèrúdò yẹn ni Firmin kọ eré kan, ilé eré wa sì gbà á. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé: “Màmá, bí eré yìí bá ṣubú, mi ò kọ̀wé mọ́. Ọmọ ogun tó ń lọ sí Algiers ní Áfíríkà ni mo máa bá lọ. Wọ́n ti fún mi ní ìwé, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì eré ni wọ́n ń gbéra.”

Láti ọjọ́ náà, Honorine ò lè jókòó lójú kan. Á wá sí yàrá mi, á mú ìgbálẹ̀, á máa gbálẹ̀ tí mo ti gbá.

“Lubin, ṣé ó máa dáa?”

“Ẹ jókòó ná. Ẹ ti gbá ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Mo ní ṣé ó máa dáa?”

“Bí kò bá dáa ńkọ́? Ṣebí àwa la wà níbẹ̀! Ṣé òǹkọ̀wé ló ń jẹ́ kí eré dáa nílùú yìí ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí títí dòní pé mi ò rí i pa lẹ́rìn-ín.

Àṣà wa ni pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ wá ka eré rẹ̀ fún ọ̀gá wa, Bompard, kó lè fi èédú sàmì síbi tá a ó ti rín, tá a ó ti sunkún. Lọ́jọ́ tí Firmin wá, Honorine sá wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀wù eré sí, kò sì jáde títí ọmọ rẹ̀ fi lọ. Nígbà tó jáde, eruku ti bò ó lórí, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú eré náà.

“Ìyá Ẹlẹ́kún,” Bompard sọ fún un, “apá kẹrin ni tìẹ, nígbà tí ọmọge yẹn bá mu májèlé. Kó tó dìgbà yẹn, pa ẹnu ẹ mọ́.”

Lọ́jọ́ eré, ó fi àlùbọ́sà sílẹ̀ nílé. Ó sọ sí mi létí pé: “Bó bá jẹ́ àlùbọ́sà ni n ó fi sunkún fún ọmọ mi, á jẹ́ pé èmi kì í ṣe ìyá.”

Apá kìíní lọ dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, àwọn onírungígùn hó yèè, àwọn apárí kan ń wúkọ́ lásán. Nínú apá kejì, ìdílé kan dúró sinmi lójú ọ̀nà àjò. Ọmọ wọn ti sùn lọ. Ìyá ọmọ yíjú sí àwọn ìránṣẹ́, ó ní: “Ẹ fi aṣọ bò ó dáadáa. Ilẹ̀ tutù.”

Ọ̀rọ̀ lásán. Kò sí èédú Bompard níbẹ̀. Àmọ́ Honorine ké. Igbe yẹn kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Àwọn èèyàn wa sì ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Ogójì èèyàn bú sẹ́kún, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ gbàgbàgbà. Ọmọ tó ń sùn lórí ìtàgé jí, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ dà rú mọ́ òṣèrébìnrin náà lẹ́nu.

Apárí kan dìde lórí àga rẹ̀. “Ta ló kú? Ẹ jẹ́ ká gbọ́, ta ló kú?”

“Oorun ló pa á!” òmíràn dáhùn.

Ilé wó fún ẹ̀rín. Súfèé gba gbogbo ibẹ̀ kan, wọn ò sì jẹ́ kí apá kẹrin bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ilé ọtí tó wà lẹ́yìn ilé eré la sá sí. Bompard dojú kọ Honorine: “Wọ́n ní bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran. Ìwọ sunkún, o fọ́jú!” Kò tíì panu dé tí Firmin fi wọlé, ìwé àwọn ológun lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ni obìnrin tẹ́ ẹ háyà tó ba eré mi jẹ́?”

Mo fẹ́ purọ́. Mo ti ya ẹnu. Honorine dìde.

“Èmi ni, Firmin.”

Ọmọkùnrin náà wò ó, ó wo Bompard, ó tún wò ó. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán ìbọ̀wọ́?”

“Mi ò rán ìbọ̀wọ́ rí. Ẹkún ni mò ń sun.”

“Ẹ wá fi ẹkún àlùbọ́sà pa eré ọmọ yín!”

Honorine ò jà. Ó kàn na áńkáṣíìfù sí i. Firmin gbé e sí imú pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó fẹ́ mú olè. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òórùn ọṣẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

“Níbo lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ‘Ẹ fi aṣọ bò ó dáadáa’?” ìyá rẹ̀ bi í. “Mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ tá a sin Adèle. Ọmọ ọdún méje ni ẹ́ nígbà yẹn.”

“Mo di aṣọ yín mú.” Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé.”

“Gbàgbé kẹ̀? Firmin, èwo nínú ẹkún tí mo ti ń sun láti ọjọ́ yìí ni kì í ṣe tirẹ̀?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ológun ń gbéra, mo gba ilé wọn lọ láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìwé àwọn ológun náà wà lórí tábìlì, wọ́n gbé ìkòkò lé e lórí. Honorine jókòó lórí àga, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Firmin ló ń gé àlùbọ́sà ọbẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè èwo nínú omi náà ni ti àlùbọ́sà.